Kí o tó dá wakọ̀ gba Nevada kọjá: ta ni yóò máa gbọ́ ọ lórí rédíò?

Àbúrò mi, o kú ìmúra ìrìn àjò. O ní o ti gba kọ́ńtíráàtì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ely, pé ìwọ nìkan ni wàá máa wakọ̀ láti Reno gba US 50. O ní ẹnì kan sọ fún ọ pé fóònù ti tó, ẹlòmíràn ní kí o ra wọkitọkí olówó pọ́ọ́kú kan kí o jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. O wá béèrè èwo ni kí o rà, àti bóyá wàá lè mú un wálé sí Nàìjíríà bó bá yá. Irú iṣẹ́ yìí náà ni mò ń ṣe láti ìlú kékeré kan dé èkejì ní Nevada àti Utah. Èmi nìkan ni mo máa ń wà nínú ọkọ̀, nínú oòrùn àti nínú yìnyín, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Kí o tó ra ohunkóhun, kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ta ni yóò máa gbọ́ ọ? Mo ti rí àwọn tó náwó rẹpẹtẹ sórí ẹ̀rọ, tí wọn kò mọ ẹyọ ẹnì kan lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, tí wọn kò sì sọ fún ará ilé wọn pé aago mélòó ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Rédíò tí kò sí etí tó ń retí rẹ̀, ẹrù lásán ni.

Ní ọdún 1986 ni ìwé ìròyìn kan pe US 50 ní ojú ọ̀nà tó dá wà jù lọ ní Amẹ́ríkà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní. Láti Fallon dé Austin tó 110 máìlì, Austin sí Eureka jẹ́ 70, Eureka sí Ely jẹ́ 77. Fóònù máa ń ṣiṣẹ́ létí ìlú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dákẹ́. Àwọn òkè ibẹ̀ tò láti àríwá lọ sí gúúsù, ọ̀nà sì dábùú wọn, tí o fi jẹ́ pé bí o bá ti gun òkè kan tán, àfonífojì ló kàn, lẹ́yìn náà òkè mìíràn. Ìgbì rédíò VHF tí ọ̀pọ̀ ham (àwọn tó ń fi rédíò ṣe ìgbafẹ́, tí wọ́n ní láísẹ́ǹsì rẹ̀) ń lò, tààrà ló ń lọ, òkè a sì máa dí i. Nínú àfonífojì, o lè súnmọ́ ìlú kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ. Lórí òkè, wọkitọkí kékeré lè dé ibi tí ojú rẹ kò tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pe àwọn èèyàn nígbà tí mo bá dé orí Hickison Summit, Pinto Summit, Pancake Summit, Little Antelope Summit àti Robinson Summit. Mo máa ń dúró síbẹ̀ díẹ̀, kódà bí ara bá ń kán mi.

Ohun tó ń gbé ohùn kọjá òkè ni rípítà. Ẹ̀rọ tí àwọn ham gbé sórí òkè gíga ni: ó ń gbọ́ ọ lórí ìkànnì kan, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ lójú ẹsẹ̀ lórí ìkànnì mìíràn. Lórí ìgbì 2 mítà, tó jẹ́ apá kan VHF, 600 kHz ló sábà máa ń wà láàárín ìkànnì méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní dá ọ lóhùn àfi tí rédíò rẹ bá fi ohùn kékeré kan tí a ń pè ní tone sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Tẹ gbogbo wọn sínú rédíò kí o tó kúrò nílé, bí ìlú ṣe tẹ̀ lé ìlú, kí o sì kọ wọ́n sórí ìwé pẹ̀lú. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nínú òkùnkùn, tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n nítorí òtútù, o kò ní rántí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, máa kí wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ dáadáa, tí nǹkan kan kò ṣe mí, mo máa ń pe àmì ìpè mi, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ham kọ̀ọ̀kan mọ̀, lórí rípítà, màá ní mò ń kọjá lọ sí Ely, màá béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́hùn-ún. Àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí rédíò wọn ti wà ní títàn láti àárọ̀, ló sábà máa ń dáhùn. Wọ́n á sọ fún mi pé yìnyín ti bo òkè kan, tàbí pé ẹranko ń sọdá lójú ọ̀nà lálẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n mọ ohùn mi. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé ẹni tó bá wọ àdúgbò á kí onílé. Má ṣe fi ẹ̀kọ́ ilé yẹn sílẹ̀ nítorí pé o kò rí ojú onílé.

Ìkíni yẹn ló yọ mí lọ́jọ́ tí alternator ọkọ̀ mi, ẹ̀rọ tó ń gba agbára sí bátìrì, kú láàárín Pancake Summit àti Little Antelope Summit. Ìrọ̀lẹ́ ìgbà òtútù ni, oòrùn ti ń wọ̀. Iná ọkọ̀ kọ́kọ́ ṣe bàìbàì, rédíò ńlá tó wà nínú ọkọ̀ kú, ọkọ̀ náà sì dúró. Fóònù kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àmọ́ wọkitọkí 5 wáàtì kan wà nínú báàgì mi tí mo ti gba agbára sí nílé, mo sì ní ìsopọ̀ kékeré tí mo fi lè yọ wáyà áńtẹ́nà òrùlé ọkọ̀ lára rédíò ńlá kí n fi sára rẹ̀. Mo pè lórí 146.520, ìkànnì tí àwọn ham fi ń pe ara wọn láìgba rípítà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo bọ́ sórí rípítà tó wà lórí òkè ọ̀kánkán, mo pè, bàbá kan tí mo ti máa ń kí sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò fi àkókò ṣòfò: ibo ni mo wà, ṣé mo farapa, ṣé mo ní aṣọ òtútù àti omi? Ó pe ọ́fíìsì sheriff, ìyẹn ọlọ́pàá àgbègbè náà, ó pe ẹni tó ń fa ọkọ̀, ó sì pe ẹ̀gbọ́n mi ní Houston. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a jọ fi àdéhùn sí: mo á tan rédíò, á pè mí, mo á ní mo wà, mo á tún pa á kí bátìrì má baà tán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ọkọ̀ tó wá fà mí fi dé. Àdúrà mi kò yẹ̀ lórí bàbá yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n lè sọ ibi tí mo wà ni àwọn pákó funfun kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ní Nevada, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ọ̀nà, àmì county (àgbègbè ìjọba tó dà bíi ìjọba ìbílẹ̀) àti iye máìlì sára wọn. Bí o bá ti wọ county mìíràn, ìkà náà á tún bẹ̀rẹ̀, nítorí náà dárúkọ county mọ́ máìlì. Bí o bá kọjá ọ̀kan, kà á sókè fún ara rẹ.

Ó ku ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí owó rẹ kò bá tó nǹkan, áńtẹ́nà òrùlé ni kí o kọ́kọ́ rà. Irin tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ ń dí ohùn wọkitọkí tí áńtẹ́nà rẹ̀ kúkurú wà nínú ọkọ̀. Ọ̀pá tó gùn tó nǹkan bí 49 sẹ̀ǹtímítà, lórí mágínẹ́ẹ̀tì, láàárín òrùlé gan-an, ti tó fún 2 mítà. Fi mágínẹ́ẹ̀tì kan wò ó ná, nítorí pé àwọn ọkọ̀ kan ní òrùlé aluminium tàbí gíláàsì tí kò ní gbá a mú. Bí o bá lè fi rédíò 50 wáàtì kún un, fa wáyà rẹ̀ láti orí bátìrì ọkọ̀ pẹ̀lú fíúsì, má fi sójú ihò tí a ń gba agbára fóònù, torí ó ń fa ju 10 amp lọ nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀. Wọkitọkí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, fún ọjọ́ tí bátìrì ọkọ̀ bá kú.

Láísẹ́ǹsì tí ham gbọ́dọ̀ ní kò le bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Ìdánwò Technician, ìpele àkọ́kọ́, jẹ́ ìbéèrè 35, bí o bá gba 26 o ti yege, gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń mú nínú rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Owó FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, jẹ́ dọ́là 35, láísẹ́ǹsì sì ń lo ọdún 10. Wọ́n ti mú Morse kúrò nínú ìdánwò láti ọdún 2007. Ẹni tó ń la ìdánwò nọ́ọ̀sì kọjá kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fi P.O. box sílẹ̀ bí o bá ní in, nítorí pé àdírẹ́sì tí o bá fún FCC yóò wà níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Àwọn kan á ní òfin gbà kí èèyàn lo rédíò yòówù nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbà. Àmọ́ ẹni tí kò pe rípítà rí, kì í ṣe ọjọ́ ìpọ́njú ni yóò kọ́ ọ.

Ní ti àwọn yòókù: CB, rédíò ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lò, kò fẹ́ láísẹ́ǹsì, ó ní ìkànnì 40, wáàtì 4 lórí AM, ìkànnì 9 wà fún pàjáwìrì, 19 sì ni ti àwọn onítírélà. Ó dára lórí I-80, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, níbi tí tírélà pọ̀ sí, àmọ́ lórí US 50 o lè wakọ̀ jìnnà kí o má rí ẹyọ kan. GMRS, irú rédíò wọkitọkí mìíràn, kò ní ìdánwò, láísẹ́ǹsì kan sì kárí ìdílé; ó wúlò jù fún ọkọ̀ méjì tó ń tẹ̀ lé ara wọn. HF, ìgbì ham tó ń ré òkè kọjá, bíi ti 40 mítà, ń fẹ́ láísẹ́ǹsì General, ìpele tó tẹ̀ lé Technician, fún ẹni tó fẹ́ fi ohùn sọ̀rọ̀, fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Èmi náà ní ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, mi ò sì ń rìn láìmú un dání. iPhone 14 àtàwọn tó tẹ̀ lé e náà lè ké sí àwọn agbófinró pàjáwìrì gba sátẹ́láìtì bí ojú ọ̀run bá ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, ohùn èèyàn tó mọ òkè yẹn, tó mọ ẹni tó ní ọkọ̀ afàkọ̀ nítòsí, mi ò tíì rí ohun tó dà bíi rẹ̀.

Àwọn ará ilé ńkọ́? Níbí yìí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀. Mú ẹnì kan tó wà ní Amẹ́ríkà níbí. Màmá rẹ ní Ìbàdàn kọ́, nítorí pé wákàtí 8 tàbí 9 ni wọ́n fi ṣáájú Nevada. Wọ́n á ti sùn, ìdààmú nìkan sì ni wàá fún wọn. Kọ ọ̀nà tí o máa gbà fún ẹni náà, nọ́ńbà àti àwọ̀ ọkọ̀, aago tí o máa kúrò àti ìlú tí o ti máa pè é. Kọ orúkọ àwọn county bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn Fallon: Churchill, Lander, Eureka, White Pine, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹlifóònù ọ́fíìsì sheriff kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá tẹ 911 ní Houston, Houston ló máa gbé e, wọ́n á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí Eureka wà. Fún un ní aago kan pàtó, kí o sọ fún un pé: bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù tí o kò gbọ́ ohùn mi, pe nọ́ńbà yìí, má dúró di aago mẹ́sàn-án. Aago Nevada ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí bí o bá sọdá sí Utah, wákàtí kan á yí padà. Bí o bá sì débi tí o ń lọ, pè é kí o tó bọ́ bàtà.

Àwọn ham ní àṣà kan tó fi ara jọ èyí, Wilderness Protocol: aago 7 àárọ̀, 10, 1 ọ̀sán, 4 àti 7 alẹ́, kí èèyàn tan rédíò sí 146.520 fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kí ó fetí sílẹ̀. Mò ń ṣe é níbikíbi tí mo bá wà, nítorí pé ẹlòmíràn lè wà nínú àfonífojì tó kàn. APRS náà wà, lórí 144.390, tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí rípítà rẹ̀ bá gbọ́ ọ, ẹni tí o mú yẹn lè máa wo ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Má bẹ̀rù pé ohùn wa yàtọ̀ sí tiwọn. Sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pe nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́ Alpha, Bravo, Charlie dórí Zulu, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe lẹ́tà A dé Z, títí wàá fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Bí o bá sì pàdé Yorùbá míì lórí ìgbì, òfin gbà kí ẹ sọ Yorùbá bó ṣe wù yín, bí ẹ bá ṣáà ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe àmì ìpè yín láàárín ìṣẹ́jú 10 síra wọn àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ parí. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí ìyẹn kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ti Nàìjíríà tí o béèrè: NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ló ń fún àwọn ham ní láísẹ́ǹsì níbẹ̀, àmì ìpè wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Láísẹ́ǹsì FCC rẹ kò rọ́pò rẹ̀. Kàn sí Nigerian Amateur Radio Society, ẹgbẹ́ àwọn ham níbẹ̀, kí o tó di báàgì, kí o sì fi rédíò sílẹ̀ ní Ely títí ìwé fi máa wà lọ́wọ́ rẹ.