ER ti màmá mi jẹ́ positive tẹ́lẹ̀: kí ló dé tí wọ́n fẹ́ tún un yẹ̀ wò?

Ìbéèrè: Láti ọdún 2 sẹ́yìn ni jẹjẹrẹ ọmú màmá mi ti dé egungun. Letrozole ló ń mú un mọ́lẹ̀, àmọ́ àwòrán tuntun fi hàn pé ó tún ti ń dàgbà. Dókítà ní ká tún ER yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ èsì àtijọ́ wà lọ́wọ́ wa pé positive ni. Kí la tún ń wá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Èsì yẹn ò parọ́, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n gé ẹran lára jẹjẹrẹ náà fún àyẹ̀wò ló ń sọ, kì í ṣe tòní.

ER (estrogen receptor) ni resẹ́pítọ̀, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ họ́mọ̀nù estrogen; positive túmọ̀ sí pé ó wà nínú jẹjẹrẹ náà. Họ́mọ̀nù yìí á rán an pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i, á sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Letrozole kì í fọwọ́ kan resẹ́pítọ̀ yìí rárá. Estrogen ni kì í jẹ́ kí ara ṣe. Bí oògùn náà bá ti pẹ́ lára, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: apilẹ̀ àbùdá ESR1, tí ara fi ń ṣe ER, á yí padà, pàápàá ní ipò 537 àti 538. Ìyípadà kékeré ni, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ni resẹ́pítọ̀ náà á máa jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Àyẹ̀wò ER lásán ò lè rí èyí. Positive náà ni yóò ṣì máa kọ. Ẹ dárúkọ ESR1 gan-an fún dókítà.

Ẹ̀jẹ̀ apá ló rọrùn jù fún àyẹ̀wò ESR1, torí jẹjẹrẹ tó ń dàgbà máa ń tú DNA rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìsinsìnyí ló yẹ kí wọ́n fà á, kí wọ́n tó pààrọ̀ oògùn. Bí oògùn tuntun bá ti ń ṣiṣẹ́, DNA yẹn lè kéré débi tí ẹ̀rọ ò ní rí i. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀jẹ̀ náà sí firísà o: sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ á bẹ́, DNA tiwọn á sì bo ti jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀.

Bí wọ́n bá máa gé lára egungun láti wo ER àti HER2 (resẹ́pítọ̀ míì tó lè mú jẹjẹrẹ dàgbà), fọ́málìn 10% ni kí wọ́n rì í sí, fún wákàtí 6 sí 72. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú egungun rọ̀ kí wọ́n tó lè gé e pẹlẹbẹ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ásíìdì líle máa ń ba DNA jẹ́, ó sì lè sọ ER tó wà níbẹ̀ di negative. EDTA, kẹ́míkà míì tó ń mú egungun rọ̀, ló dáa, bó tilẹ̀ ń pẹ́.

Bí ESR1 bá ti yí padà, oògùn elacestrant wà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní January 2023 fún irú rẹ̀: 345 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá fi ìyípadà hàn, ìyẹn ò ní kó má sí níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá a nínú ẹran tuntun tí wọ́n gé.