Omi inú gíláàsì, kí ló mọ̀ nípa odò ńlá?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láti láàbù wọn, gọ́tà gíláàsì gígùn kan ni mo rí, omi ń ṣàn nínú ẹ̀, wọ́n ki pákó kan bọ̀ ọ́ láàárín, ó ní ọ̀rọ̀ dáàmù làwọn ń kọ́. Ṣé kì í ṣe eré ọmọdé rèé? Báwo lomi tí ò tó orúnkún ṣe fẹ́ mọ nǹkan tí odò ńlá máa ṣe, ṣebí kọ̀ǹpútà náà wà? Èmi Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́.

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, owó iléèwé yín ò wọgbó o. Gọ́tà yẹn, pọ́ọ̀ǹpù ló ń fa omi sí i látinú táǹkì, omi náà á ṣàn padà síbẹ̀, wọ́n á tún fà á, omi kan náà ni wọ́n ń lò látàárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré àti ńlá tẹ́ ẹ bi yẹn, ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà, torí tẹ́ ẹ bá kàn sọ dáàmù di kékeré tẹ́ ẹ wá da omi sí i bó ṣe wù yín, irọ́ ló máa pa fún yín. Eré omi náà gbọ́dọ̀ dín kù, ó sì níye tó gbọ́dọ̀ fi dín. William Froude, ará Ìlú Ọba tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ṣèdánwò ní Torquay láti 1872, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òfin yẹn. Ká ní wọ́n sọ dáàmù di ìdá kan nínú 25, eré omi á di ìdá kan nínú 5, àgbàrá tó máa fi wákàtí 5 kọjá lójú odò á fi wákàtí 1 kọjá ní láàbù, àmọ́ (èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù) iye omi tó ń kọjá á di ìdá kan nínú 3,125. Ìyẹn ni pé lítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú gọ́tà dúró fún lítà 62,500 lójú odò!

Ó láàlà ṣá. Tí módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn dáàmù kékeré tí wọ́n fi ń ṣèdánwò, bá kéré jù, omi á fẹ́lẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀kán omi orí ewé, odò ò sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn láàbù kan fi tóbi gan-an. Ti yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣí ní 1938, ẹ̀gbẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi St. Anthony ni wọ́n kọ́ ọ sí, omi odò Mississippi gangan ló ń wọ inú ẹ̀.

Wíwọ̀n ẹ̀ ńkọ́? Irin ṣóńṣó kan ni wọ́n máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí omi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa wo ẹnu irin náà àti òjìji ẹ̀ nínú omi, ìgbà tí méjèèjì bá fẹnu kora ni wọ́n á ka nọ́ńbà. Ẹ ò ní fẹ́ mí sí i.

Kọ̀ǹpútà wà lóòótọ́, wọ́n sì ń lò ó, ṣùgbọ́n omi tó ti ru pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ máa ń le fún un, omi tí wọ́n wọ̀n ní láàbù ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Tọ́mọ bá tún fi fídíò ránṣẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn pákó yẹn dáadáa, ẹ lè rí omi tó ń sáré jáde pẹlẹbẹ lábẹ́ ẹ̀ tó máa dédé ga sókè, tó ń ru, tó ń yọ ìfófòó, ibẹ̀ lagbára ẹ̀ ti ń tán. Ní dáàmù gidi, tí wọn ò bá fi kọnkéré tẹ́ ibẹ̀, omi yẹn á máa gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò títí á fi dé ìpìlẹ̀ dáàmù.