Ṣé mo lè fa tikẹ́ẹ̀tì North Carolina ya?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Newark ní New Jersey ni mò ń gbé. À ń lọ ìgbéyàwó ní Charlotte ni ọlọ́pàá dá mi dúró lójú ọ̀nà I-85 ní North Carolina. Máìlì 65 ní wákàtí kan ni wọ́n fàyè gbà níbẹ̀, èmi sá 78, ló bá fún mi ní tikẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìtanràn. Ìtanràn 30 dọ́là péré ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n gbé síwájú mi lé ní 200. Ọ̀rẹ́ mi ní jìbìtì ni, pé kí n fà á ya, pé ìpínlẹ̀ kan kò lè lé èèyàn dé ìpínlẹ̀ mìíràn.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má fà á ya o. Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Owó méjì lo rí. Ìtanràn ni 30 dọ́là, òfin North Carolina sì ní kí owó ìtanràn máa lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Owó kọ́ọ̀tù ni ìyókù. Àwọn aṣòfin ló gbé e kalẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá jẹ̀bi: ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ilé ẹjọ́, apá kan sì ń bọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn agbófinró. Bí adájọ́ tilẹ̀ ṣàánú rẹ tó dín ìtanràn kù, owó kọ́ọ̀tù máa ń dúró síbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ló ń bí mi nínú, torí irú rẹ̀ ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ wa sí wàhálà. Àdéhùn wà láàárín èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Nonresident Violator Compact ni wọ́n ń pè é, North Carolina àti New Jersey sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá fa tikẹ́ẹ̀tì ya nìyí. Bí ogún ọjọ́ bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ ẹjọ́ tí kò yọjú, tí kò sì sanwó, kọ́ọ̀tù lè fi 200 dọ́là mìíràn kún gbèsè rẹ̀. Wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ọkọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, ìyẹn á gba ẹ̀tọ́ ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á sì kọ̀wé sí New Jersey. New Jersey á wá ti láísẹ́ńsì rẹ̀ pa títí yóò fi mú ẹ̀rí wá pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀, torí àdírẹ́sì àtijọ́ ni lẹ́tà ń lọ. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ á kú, ọlọ́pàá Newark á dá a dúró, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ pé òun ń wakọ̀ láìní láísẹ́ńsì tó ṣeé lò. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ pátápátá nìyẹn, ó sì burú ju eré àsápajúdé lọ.

Ṣùgbọ́n má sáré sanwó náà. Bí o bá san án lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o ti gbà pé o jẹ̀bi nìyẹn, New Jersey á sì kọ pọ́ìǹtì méjì, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ ìwakọ̀, sí ọ lọ́rùn. Iléeṣẹ́ insọ́ráǹsì rẹ lè tìtorí rẹ̀ fowó lé tìrẹ. Wá lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ North Carolina, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tó wà lórí tikẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an. Fún irú ẹ̀sùn tìrẹ, ó sábà máa ń lè dúró fún ọ láìjẹ́ pé o padà lọ síbẹ̀, ó sì lè bá wọn sọ ọ́ kí ẹ̀sùn náà fúyẹ́. Àwọn tó ń sọ lórí WhatsApp pé àwọn á pa tikẹ́ẹ̀tì rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ìjọba, olè ni wọ́n.

Torí pé 13 lo fi ju iye tí wọ́n fàyè gbà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ní North Carolina, bí èèyàn bá fi ju máìlì 15 lọ kọjá iye tí wọ́n fàyè gbà, tàbí tí eré rẹ̀ kọjá 80, ó ti di ọ̀ràn ọ̀daràn. Ní Virginia tí o gbà kọjá, ẹni tó bá sá ju 85 lọ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan gbára. Bí o bá sì ń retí ìwé ọmọ onílùú, bá lọ́yà ìwé ìgbélùú sọ̀rọ̀ kí o tó gbà pé o jẹ̀bi ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ gbogboogbò ni mo sọ o. N kò rí tikẹ́ẹ̀tì rẹ, n kò sì lè dúró bíi lọ́yà rẹ. Wo ọjọ́ ẹjọ́ tó wà lórí rẹ̀ lónìí, kí o pe lọ́yà ibẹ̀ lọ́la. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, pè é lónìí.