Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Ọ̀gọ̀dọ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òjò ti dé, lẹ́tà yín náà sì ti ya dé. Ọ̀rọ̀ omi ló kún inú wọn lóṣù yìí: ọ̀gọ̀dọ̀, àkèré, ẹja, ẹyẹ etí omi. N kò ráhùn rárá. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì, etí omi ni mo máa ń kó àwọn ọmọ lọ, torí pé gbogbo ohun tó wà nínú yàrá tí wọ́n ń pè ní lábù nílé-ìwé wa kò ju ìgò ọ̀pọ̀lọ́ kan lọ, ọ̀pọ̀lọ́ náà sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́.

*Màmá Tíṣà, mo kí yín. Ọ̀gọ̀dọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé mi, lẹ́bàá oko kajú tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi nítòsí Ìsánlú. Kì í gbẹ tán, àfi tí ọyẹ́ bá mú gidi. Tí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí, ariwo àkèré kì í jẹ́ ká sùn, ẹ̀fọn sì ń jẹ wá. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá ní òun máa fowó ránṣẹ́ kí n ra yẹ̀pẹ̀ típà mẹ́rin kí n fi dí i pa. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wá ní kí òun kọ́kọ́ da Gamalin sí i, ká kó ẹja inú rẹ̀ kó má baà ṣòfò. Kí lẹ rí sí i? — Bàbá Oníkajú*

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lé ọmọkùnrin yẹn lọ ná. Oògùn tí wọ́n máa ń fi pa kòkòrò inú oko kòkó tẹ́lẹ̀ ni Gamalin, májèlé tí wọ́n ń pè ní lindane ló wà nínú rẹ̀. Kò mọ ẹja yàtọ̀ sí àkèré, kò sì mọ àkèré yàtọ̀ sí ọmọ tó bá jẹ ẹja náà lálẹ́. Inú ọ̀rá ẹja ló ń sá sí, inú ẹrẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, òjò kan kò sì ní ṣàn án lọ. Mo ti dé ibi omi tí wọ́n da irú rẹ̀ sí rí. Ẹja léfòó, ikùn wọn funfun kọjú sókè. Akàn kú sẹ́nu ihò. Lékeléke ń ṣà wọ́n jẹ, kò mọ ohun tó ń jẹ. Nígbà tí òjò mìíràn rọ̀, tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn inú omi, nìkan ló gba omi náà, torí gbogbo ohun tó ń pa á jẹ ti kú tán. Ẹ rí i pé ẹ̀fọn lẹ fẹ́ fowó ara yín rà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ló ká yín lára jù, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri kò fi bẹ́ẹ̀ wá omi ńlá. Omi kékeré tí oòrùn ń ta sí, tí ohun abẹ̀mí mìíràn kò tíì gbé inú rẹ̀, ló ń wá: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ojú táyà, kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ búlọ́ọ̀kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Tí típà mẹ́rin bá wọ ẹ̀yìnkùlé yín lójú òjò báyìí, ẹ fojú inú wo ọ̀nà tí wọ́n máa là síbẹ̀.

Àmọ́ n kò ní tàn yín. Ẹ̀fọn mìíràn wà tó fẹ́ràn omi tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí koríko bo etí rẹ̀. Ẹ lọ wo ojú oró. Ẹ fa ọ̀kan tu, ẹ gbọn gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa sínú abọ́ funfun tí ẹ ti bu omi sí. Tí ẹ bá rí àwọn kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jà pìtìpìtì nínú rẹ̀, irú tanwíjí kan wà níbẹ̀ tí kì í wá sójú omi láti mí. Gbòǹgbò ojú oró ló ń gún, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló sì ń fà mí. Ìdí nìyẹn tí ẹja kì í fi í tètè rí i jẹ. Tí ojú oró bá bo omi tán, oòrùn kì í ráyè wọlé mọ́, atẹ́gùn inú omi á sì dín kù, ẹja á máa gbé ẹnu sókè. Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, n kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n kó má lékè gbogbo omi yín. Ẹ máa fà á tu díẹ̀díẹ̀, ẹ kó o sídìí kajú, á jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ ro koríko etí omi tó kọjú sílé. Ẹ fi ti òdìkejì sílẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan òṣíbàtà.

Àkèré ńkọ́? Akọ ló ń pariwo, ìyàwó ló ń wá. Ìgbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa ni ariwo náà máa ń le jù, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wọ bàtà kí ẹ rìn yí omi náà ká. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ yàtọ̀ sí ti àkèré: okùn gígùn méjì tó ń yọ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ ń yé, ẹyin dúdú wẹ́wẹ́ á tò sínú wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, wọ́n á sì lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ koríko. Kọ̀ǹkọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù, èyí tó tóbi tí àwọn èèyàn ń sun jẹ, tó máa ń fò lójú omi bí wọ́n bá lé e. Légbélégbé rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dá jẹ́jẹ́ tó ń la ewédò jẹ. Ẹran ló ń jẹ: tanwíjí, àti légbélégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá bí ebi bá pa á. Ọmọkùnrin yẹn kò mọ iye òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó fẹ́ bá yín pa.

Lámilámi ni mo fi ṣe ìkẹyìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo wa la mọ èyí tó ń fò, tó ń fi ìdí kan omi tọ́tọ́: ẹyin ló ń yé. Ọmọ rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá. Abẹ́ omi ló ń gbé, àwọ̀ ẹrẹ̀ ló ní, á dúró jẹ́ẹ́ títí ohun kan á fi kọjá níwájú rẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ orí, ìwọ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe máa jù ú síwájú kó sì fà á padà pẹ̀lú tanwíjí lẹ́nu, ojú kò lè bá a. Tó bá gbó, á gun ẹsẹ̀ koríko kúrò nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, lámilámi tútù tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣì ká jọ á fa ara rẹ̀ jáde. Á dúró títí ìyẹ́ náà á fi nà tí á sì gbẹ, kó tó fò. Ẹ wo ara koríko láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ óò rí àwọ̀ òfìfo tó fi sílẹ̀, èékánná rẹ̀ ṣì di koríko mú.

Nípa yẹ̀pẹ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìsàlẹ̀ àwọn àpáta wa wọ̀nyí, ẹ mọ bí omi ṣe ń ya wálẹ̀ bí òjò bá dá. Omi yẹn kò ní yé wá nítorí pé ẹ ti dí ibùsùn rẹ̀. Pálọ̀ yín ló máa wá sùn. Ẹ ní kí ọmọ yín fowó típà ra nẹ́ẹ̀tì tó ní oògùn lára, kó sì fi àwọ̀n sójú fèrèsé gbogbo. Ẹ dí ojú ẹsẹ̀ màlúù tó wà láàárín ilé àti oko. Ẹ sì bá mi kí i ní Àbújá.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ń tọ̀ ẹ̀jẹ̀. Tó bá fẹ́ tọ̀ tán ni ẹ̀jẹ̀ náà máa ń wá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wẹ̀ nínú ọ̀gọ̀dọ̀ kan tí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé. Ìyá ọkọ mi ní ó ti ń dọkùnrin ni, pé bàbá rẹ̀ náà tọ̀ ọ́ rí. — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìyàrà*

Ìyá wa kò purọ́ pé bàbá rẹ̀ tọ̀ ọ́ rí, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì. Ó jọ àtọ̀sí ajá gan-an. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kó tọ̀ ọ́ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, torí ìgbà yẹn ni ẹyin kòkòrò náà máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Tó bá jẹ́ òun ni, praziquantel ni oògùn rẹ̀. Wọ́n á wọn ọmọ kí wọ́n tó mọ iye tí wọ́n máa fún un, nítorí náà ẹ má fúnra yín rà á. Ẹ kó àbúrò rẹ̀ tó bá ń bá a lọ síbẹ̀ dání. Tí ẹ bá fi àgbo fà á títí, àpòòtọ̀ àti kíndìnrín ló máa bà jẹ́.

Bó ṣe ń ràn nìyí. Ẹni tó ní in tọ̀ sómi. Ẹyin inú ìtọ̀ náà pa, ohun tó jáde nínú rẹ̀ wọ inú ìgbín omi kékeré kan, ó pọ̀ sí i níbẹ̀, ó wá jáde padà sínú omi. Awọ ara ló ń gbà wọlé, kì í dúró dìgbà tí èèyàn bá mu omi náà. Ọ̀sán gangan ló ń jáde jù lára ìgbín, ìyẹn àsìkò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń bẹ́ sómi. Kó má lọ mọ́.

Àwọn kan á ní ẹnu méjì ni mo fi ń sọ̀rọ̀, pé mo ní kí Bàbá Oníkajú tọ́jú omi tirẹ̀. Omi kò ní àtọ̀sí ajá títí èèyàn á fi tọ̀ sí i. Ìran tèmi mọ sòbìà dáadáa, a rí àgbà tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lásìkò iṣu. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Ẹni ìkẹyìn ní sòbìà lórílẹ̀-èdè yìí ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti tán. A kò torí ẹ̀ dí ọ̀gọ̀dọ̀ kankan pa. Aṣọ la fi ń sẹ́ omi mímu, wọ́n ń da oògùn tí wọ́n ń pè ní Abate sómi, wọ́n gbẹ́ kànga, ẹni tí kòkòrò náà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ki ẹsẹ̀ bọ omi ìlú mọ́.

*Mo gbẹ́ kòtò yẹ̀pẹ̀ búlọ́ọ̀kù lọ́dún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó da ẹja sí i, àmọ́ àrọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má jẹ ẹ́, pé ẹja ìwin ni. — Bíríkìlà, Mòpà*

Ẹ jẹ ẹ́. Àrọ̀ ní ohun kan lókè ìjàgbá rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ bí tiwa. Bí òjò bá rọ̀ lóru tí koríko tutù, ó lè wọ́ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ láti omi kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí àgbàrá bá sì gba orí ilẹ̀ kọjá, ìrìn náà tún rọrùn sí i. Tó bá jẹ́ ìwin ló gbé e wá, ìwin náà mọ àlejò ṣe.

*Màmá, nígbà tí mo lọ kí àǹtí mi ní Éjìbá, a dé ibi tí wọ́n ti sé omi Kampe. Mo rí ẹyẹ kan tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà, kò rì. Ẹyẹ wo nìyẹn? — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin SS2, Kàbbà*

Ọmọ mi, ojú rẹ mú. Tí ara rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú, tí iwájú ọrùn rẹ̀ funfun, tí àwọ̀ búlúù sì wà níwájú orí rẹ̀, jacana ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn kọjá àlà, wọ́n ń pín ìwúwo rẹ̀ sórí ewé káàkiri, ìdí nìyẹn tí ewé kì í fi í rì. Ilé wọn ni kí o bi mí. Abo ló tóbi jù, ó sì lè ní ju ọkọ kan lọ. Tó bá ti yé ẹyin tán, bàbá ló ń sàba lé e, bàbá náà ló ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, bàbá á tẹ̀ sílẹ̀, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ ìyẹ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ wọn nìkan lo máa rí tó ń rọ̀ dirodiro. Tí ọmọ mẹ́rin bá wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá lò ń wò yẹn. Má sọ fún àwọn ọkùnrin ilé yín pé èmi ni mo sọ ọ́.

*Aláǹgbá ńlá inú omi, awọ́nrínwọ́n, ń jẹ ẹyin adìyẹ mi tán. Ṣé kí n dẹ pàkúté? — Ìyá Aládìyẹ, Ẹ̀gbẹ̀*

Ẹ má dẹ ẹ́ ná. Ọ̀sán ni awọ́nrínwọ́n ń jẹ̀, ìgbà tí oòrùn bá ti mú ara rẹ̀ yá. Ẹ fi wáyà olójú kékeré yí ibi tí adìyẹ ń yé sí ká, kí ẹsẹ̀ wáyà náà wọlẹ̀ dáadáa, torí ó mọ ilẹ̀ gbẹ́. Ẹ máa kó ẹyin ṣáájú ọ̀sán. Akàn, ìgbín àti ejò náà wà lára oúnjẹ rẹ̀, ejò kò sì ní dá àwọn adìyẹ yín sí. Inú òkìtì ikán ni òun náà máa ń yé ẹyin tirẹ̀ sí. Tí ọ̀kan bá wà nítòsí omi yín, ẹ ṣọ́ ọ, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi.