Èsì: Ọmọ tí etí rẹ̀ di, tó ń ṣubú tí iná bá lọ

Màmá Ayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ má tíì dá ẹsẹ̀ ọmọ lẹ́bi. Inú etí lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a fi ń gbọ́ràn, ni ohun tó ń mú ara dúró ṣinṣin wà; ohun tó ba ọ̀kan jẹ́ lè kan èkejì. Ojú ni Ayọ̀ fi ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ láti dúró, ìyẹn ni òkùnkùn fi ń dà á láàmú.

Èyí wọ́pọ̀ bó bá jẹ́ yírùnyírùn (àrùn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ wú) ló ba etí náà jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìṣubú náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ má dúró dọ̀la: ẹ gbé e lọ sí FMC Ìdí-Àbà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta.

Nílé, kó máa fi ẹsẹ̀ kan dúró, kó máa rìn lórí ìlà, kẹ́ ẹ wà nítòsí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lálẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kó má dá wọ odò Ògùn o! Bó bá rì, ó lè má mọ ibi tí òkè wà.