Ṣé oògùn kòkó lè da nǹkan oṣù rú?

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ń dá oko kòkó lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Bó bá ti fín oògùn tán, èmi ni mo ń fọwọ́ fọ aṣọ rẹ̀. Ó di oṣù méje báyìí tí nǹkan oṣù mi ò bọ́ sí déédéé mọ́. Nọ́ọ̀sì ní họ́mọ́ónù ni. Ọkọ mi ní kòkòrò nìkan ni oògùn yẹn ń pa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ìyàwó Àgbẹ̀)

Èsì: Ìyàwó wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì sí Adó, owó kòkó sì ni bàbá mi fi rán mi níléèwé. Igi ni wọ́n fi ń ro oògùn nínú korobá, korobá yẹn náà la sì fi ń pọnmi lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wa.

Ẹ wo ara ike oògùn náà. Chlorpyrifos, dimethoate, dichlorvos, fenitrothion, ẹbí kan ni gbogbo wọn: organophosphate. Bí nẹ́ẹ̀fù bá fẹ́ rán ẹran ara níṣẹ́, á tu èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine jáde. Tó bá ti jíṣẹ́ tán, èròjà mìíràn á gbá a kúrò nílẹ̀. Oògùn yìí máa ń de agbálẹ̀ yẹn lọ́wọ́, ti kòkòrò àti ti ènìyàn. Ni itọ́ á bá máa dà, òógùn á bò ó, ẹran ara á máa fò. Èyí làwọn àgbẹ̀ mọ̀.

Ti họ́mọ́ónù ni wọn ò mọ̀. Ẹ rántí àrokò ayé àtijọ́: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà nìkan ló lè gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni họ́mọ́ónù ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wá bá ẹni tó ń dúró dè é lára sẹ́ẹ̀lì. Nínú ìwádìí àti lára èkúté, fenitrothion máa ń lọ jókòó síbi tí họ́mọ́ónù ọkùnrin yẹ kó jókòó sí. Kì í jíṣẹ́ kankan, kì í sì í jẹ́ kí oníṣẹ́ ráyè. Chlorpyrifos tún ń gba ibòmíràn yọ. Tí àrokò bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e wọ yàrá. Cyclic AMP wà lára àwọn tó ń ṣe é nínú sẹ́ẹ̀lì. Lára ọmọ èkúté, chlorpyrifos ń da iṣẹ́ yìí rú ní ìwọ̀n tí kò tíì tó kó àìsàn tó hàn sójú bá wọn. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè nìyẹn: ara lè le, kí oògùn sì ti wọlé. Láti 2020 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de chlorpyrifos, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kòkó wa ń lọ.

Ṣùgbọ́n oyún, ọjọ́ orí àti àìsàn thyroid (ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń tu họ́mọ́ónù jáde) náà lè da nǹkan oṣù rú. Ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ̀rọ̀ oògùn kòkó fún un, bí kò tilẹ̀ bèèrè.

Kí ọkọ yín bọ́ aṣọ náà lóko, kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Awọ ara ń mu oògùn yìí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ má pa aṣọ yẹn pọ̀ mọ́ ti ọmọ, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ ya korobá kan sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà fi pọnmi.