Kí ẹ tó ra sítábíláísà, ẹ wọn iná yín nígbà tí fírísà ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkọ̀lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná ka fóltì 220 ní sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ ò tan nǹkan kan, àmọ́ tí fírísà bá ti fẹ́ gbéra, ó já sí 170. Oníṣẹ́ iná wá ní kí ẹ lọ ra sítábíláísà, ẹ̀rọ tó ń gbé iná tó bá wálẹ̀ sókè. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà ní Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn.

Ẹja yìnyín ni mo ń tà. Láti òpó iná dé ṣọ́ọ̀bù mi tó mítà 150, wáyà 1.5 (mílímítà onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń wọn nínípọn rẹ̀) sì ni wọ́n fi fà á. Kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó ń mú fírísà tutù, jó, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ìkejì ò lò tó oṣù méjì. Mo kọ̀wé lọ bá àwọn tó ń pín iná. Ẹni tó gbà á ò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ìyá ẹlẹ́ja, iná yín pé, ẹ̀rọ yín ni kò dáa." Wọ́n wá wọ̀n ọ́n lóòótọ́, láàárọ̀ tí gbogbo fírísà mi wà ní pípa! Ó ka 220, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé, tí mo da páálí ẹja mẹ́rin sí i. Owó àjọ ni mo fi rà wọ́n. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1827 ni wọn ò ṣàlàyé fún mi. Ẹ mú áńpì, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń kọjá, ẹ fi ìdènà inú wáyà, tí wọ́n ń fi ohm wọ̀n, sọ ọ́ di púpọ̀: fóltì tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà nìyẹn. Wáyà kọ́pà 1.5 ní ìdènà bí ohm 12 ní kìlómítà kan. Iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, mítà 150 mi di 300, ìyẹn ohm 3.6. Kí áńpì 10 kọjá, fóltì 36 ti lọ. Bí fírísà bá sì ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún áńpì tó fi ń ṣiṣẹ́. Ni fóltì bá wálẹ̀, ẹ̀rọ á máa kùn láì yí, ooru á pa á. Tí ẹ ò bá tan nǹkan kan, áńpì ò kọjá, òfò ò sí. Ìdí tí wọ́n fi rí 220 nìyẹn.

Mo ra sítábíláísà náà. Kó lè gbé fóltì sókè, áńpì púpọ̀ sí i ló ń fà látinú wáyà kan náà, òfò wá ń pọ̀ sí i.

Ẹ ṣọ́ ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ o! Bí ìdènà ibẹ̀ bá tó ìdajì ohm péré, áńpì 10 á sọ ọ́ di ooru wáàtì 50 lójú kan ṣoṣo. Tèmi yọ́ téèpù, ó sì sọ pákó àjà di dúdú. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lọ́ alumíníọ̀mù mọ́ kọ́pà lásán.

Wáyà 10 ni mo fà nígbẹ̀yìn. Fún áńpì 10 kan náà, òfò ò pé fóltì 6.

Kí oníṣẹ́ iná wọ̀n ọ́n níbi tí wáyà yín ti bẹ̀rẹ̀, kí fírísà wà ní títàn. Ẹ má fúnra yín gun òpó. Bó bá dúró ní 220 níbẹ̀, wáyà yín ni. Bó bá já níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín iná ni ẹjọ́ wà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún yín ní pípa.